Core 8 na core 24 nídìí gémù: báwo ló ṣe jẹ́?

Intel gbé Core Ultra 9 285K, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan, jáde ní October 24, 2024, AMD náà gbé Ryzen 7 9800X3D tiẹ̀ jáde ní November 7, ọ̀sẹ̀ méjì géérégé sí i, àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ti Intel ní core 24 (core ni ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor), dọ́là 589 ni wọ́n pè é nígbà tó jáde. Ti AMD ní core 8 péré, dọ́là 479. Síbẹ̀ àwọn tó dán méjèèjì wò ń sọ pé tó bá ti di ti gémù, core 8 yẹn ló fi ìkejì sẹ́yìn, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ìbéèrè tó ń wọlé ti pọ̀, mo bá kó wọn jọ.

Ṣé wọn ò kàn máa parọ́ fún wa ṣá?

Rárá o, òótọ́ ni.

Ṣebí 24 ló pọ̀ ju 8 lọ? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Àkọ́kọ́ ná, core 24 yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Mẹ́jọ nínú ẹ̀ ni P-core, àwọn géńdé tó lè sáré, 16 tó kù jẹ́ E-core, wọ́n kéré, wọn ò sì jẹ iná púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ka géńdé nìkan, 8 sí 8 ni, ìyàtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Ìkejì, iṣẹ́ inú gémù máa ń tò tẹ̀lé ara ni. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ tẹ̀, kó tó mọ ibi tẹ́ ẹ rìn dé, kó tó mọ̀ bóyá ọ̀tá rí yín, kó tó wá sọ fún graphics card pé ohun tó máa yà rèé. Tí aránṣọ bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ lè kó èèyàn 23 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ni wọ́n á kàn dúró máa wò ó. Lóòótọ́ gémù òde òní mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún core mẹ́fà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló sábà máa ń gbé èyí tó wúwo jù, òun làwọn tó kù ń dúró dè. Àkókò ọ̀hún ò sì tó nǹkan: tẹ́ ẹ bá fẹ́ frame (àwòrán) 144 ní sẹ́kọ́ńdì kan, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ parí láàárín nǹkan bíi milliseconds méje, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

A jẹ́ pé ti AMD ló ní GHz, ìyẹn ìwọ̀n eré core, tó pọ̀ jù nìyẹn?

Kò ní in. 285K lè sáré dé 5.7GHz, 9800X3D ò kọjá 5.2. Àwọn tó ń fi GHz ra ọjà náà, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Kí wá ni àṣírí ẹ̀?

Cache ni, ohun tí X3D inú orúkọ yẹn túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aránṣọ wa. Tí sáàsì, bọ́tìnnì àti òwú bá wà lórí tábìlì ẹ̀, á kàn nawọ́ mú un ni. Tí ò bá sí níbẹ̀, ó di kó dìde lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó túlé, kó tó padà wá jókòó. Tábìlì yẹn ni cache, memory kékeré inú processor, yàrá ẹ̀yìn ni RAM, memory ńlá tó wà níta ẹ̀. L3 cache (èyí tó tóbi jù nínú cache) 9800X3D jẹ́ 96MB, ti 285K jẹ́ 36MB. Gémù sì jẹ́ ẹni tó ń béèrè nǹkan kéékèèké lemọ́lemọ́, tí èèyàn ò sì mọ èyí tó máa béèrè tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹni tí tábìlì ẹ̀ fẹ̀ kì í dìde púpọ̀.

Ohun tó tún bá ti Intel jẹ́ ni pé wọ́n gé chip ọ̀hún sí wẹ́wẹ́, ibi tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ ò sí lára ègé kan náà pẹ̀lú àwọn core mọ́, ìrìn yàrá ẹ̀yìn wá gùn sí i. Ìdí rèé tí àǹtí ẹ̀, 14900K, processor Intel tọdún 2023, fi ń nà án nínú gémù kan.

AMD ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eléyìí. 5800X3D ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní April 2022, orí core ni wọ́n to cache lé nígbà yẹn, ó wá dà bí ẹni bora nípọn lọ́sàn-án gangan, ooru ò ríbi jáde, wọ́n sì ní láti dín eré ẹ̀ kù. Nínú 9800X3D wọ́n gbé cache lọ sábẹ́, core wá sún mọ́ ohun tó ń tù ú lára. Ó sì ń sáré ju 7800X3D tó ṣáájú ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gémù ló máa mọ̀ ọ́n lára o. Àwọn bíi Microsoft Flight Simulator àti gémù ìkọ́lé ìlú, tí nǹkan rẹpẹtẹ ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jẹ̀gbádùn ẹ̀ gan-an. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Kí ló dé tó jẹ́ 1080p ni wọ́n fi ń dán an wò, nígbà tó jẹ́ 4K ni mo ń lò?

Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n rọra ṣàlàyé ẹ̀. 1080p àti 4K jẹ́ resolution, iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú screen; ti 4K pọ̀ ju ti 1080p lọ. Processor ló ń sọ ohun tí wọ́n máa yà, graphics card ló ń yà á. Ní 4K, iṣẹ́ yíyà pọ̀ débi pé graphics card ló ń dá gbogbo ilé dúró, processor ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ń yán. Tẹ́ ẹ bá wá fi processor mẹ́wàá síbẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú wá, ẹ ò sì ní mọ èwo ló dáa. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1080p nìyẹn, tí wọ́n á sì lo graphics card tó lágbára jù lọ́jà, kí processor lè rí ẹni lé e. Kì í ṣe pé wọ́n ní ẹ máa lo 1080p. Wọn ò sì sọ pé ìyàtọ̀ ńlá tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ lẹ máa rí nílé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń dá mi dúró?

Ẹ ṣí gémù tẹ́ ẹ ń gbá gan-an, ẹ sọ resolution kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo fps, ìyẹn iye frame ní sẹ́kọ́ńdì kan. Mo ṣe é nínú gémù ìkọ́lé ìlú kan tí mo ti ń bá fà á látọdún tó kọjá. Ìlú ọ̀hún ti kún, ọkọ̀ ti dí gbogbo afárá pa, fps wà ní 41. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ láti 1440p sí 1080p, 41 náà ni. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 720p, gbogbo ilé ti rí wúruwùru bí ẹni wo nǹkan látinú omi, 42. Processor mi lẹlẹ́bi nìyẹn. Ká ní ó fò lọ sí 80 ni, graphics card là bá mú. Tó bá sì jẹ́ graphics card ló ń dá yín dúró, tẹ́ ẹ wá lọ náwó sórí processor, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ "1% low" sí, ìyẹn fps ìgbà tí gémù falẹ̀ jù, ẹ má wo average nìkan. Average lè jẹ́ 120 kí gémù ṣì máa há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígbà tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn tí ọ̀tá wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ṣé 285K ò wá wúlò rárá ni?

Ó wúlò. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe fídíò, tẹ́ ẹ ń compile code, tẹ́ ẹ ń ṣe 3D, iṣẹ́ tó ṣeé pín ni, core 24 á fi core 8 ṣeré.

Ṣé kì í ṣe pé ó máa bàjẹ́ bíi ti àwọn tó ṣáájú ẹ̀?

Ní 2024, Intel gbà pé voltage tó ga jù ń ba àwọn kan jẹ́ nínú processor wọn ti ìran 13th àti 14th Gen, wọ́n gbé àtúnṣe jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún warranty. Wọ́n ní ìṣòro yẹn ò kan ti tuntun yìí. AMD náà ò kúkú mọ́ tán: ní 2023, àwọn processor 7000X3D kan jó mọ́ motherboard (pátákó tí processor jókòó lé), kí wọ́n tó fi BIOS (software tó ń jí kọ̀ǹpútà) tuntun dín voltage kù. Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ yáa fi BIOS tuntun sí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan settings kankan.

Ṣé màá pààrọ̀ motherboard?

Fún 285K, bẹ́ẹ̀ ni, LGA1851 ni socket ẹ̀, ibi tí processor ń wọ̀ lára motherboard. Tẹ́ ẹ bá ti ní motherboard AM5, socket ti AMD, 9800X3D á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi processor tó wà níbẹ̀ ṣe update BIOS kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Àbúrò mi ti ra 285K ná, gémù ló sì fẹ́ fi gbá. Ṣé kó lọ dá a padà?

Tí screen ẹ̀ bá jẹ́ 4K, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbá gémù ẹ̀, ẹ má sì fi eléyìí ránṣẹ́ sí i.