Fíìmù Ipò Kìíní Kò Já Wa Láyà: Ṣé Àtẹ Ló Parọ́ Ni?

Láti Yábàá dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó rí àwọn tó mú àtẹ fíìmù ajániláyà kan dání, tí wọ́n ń wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Ìbéèrè wọn jọra. Àtẹ tí a ó máa tọ́ka sí jù níbí ni èyí tí American Film Institute gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2001: fíìmù Amẹ́ríkà 100, Psycho (1960) ní ipò kìíní, Jaws (1975) ní ipò kejì, The Exorcist (1973) ní ipò kẹta.

Ìbéèrè: A pa iná yàrá, a wo Psycho tán, ẹ̀rù kò bà wá. Báwo ló ṣe di ẹni àkọ́kọ́?

Ẹ̀rù méjì ló wà nínú fíìmù, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ni ìtagìrì: ìlẹ̀kùn gbá gbàà, ológbò fò jáde, ara yín gbọ̀n rìrì, ó parí. Èkejì ni ọkàn-sókè: ẹ mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, ẹni tó wà nínú fíìmù kò mọ̀, ẹ kò sì lè ké sí i. Alfred Hitchcock tó ṣe Psycho ṣàlàyé rẹ̀ fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé. Ó ní bí bọ́ǹbù bá ṣàdédé dún lábẹ́ tábìlì, ìtagìrì ìṣẹ́jú àáyá 15 ni òǹwòran rí gbà. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti rí bọ́ǹbù náà, tó mọ aago tí yóò dún, tí àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ṣì ń tàkúrọ̀sọ, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni ọkàn rẹ̀ yóò fi wà lókè.

Fíìmù òde òní ti fi ìtagìrì bọ́ wa yó. Ìtagìrì sì máa ń mọ́ni lára. Bí ariwo òjijì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n ara ń dín kù. Ẹni tó bá jókòó ti Psycho pé kí nǹkan máa fò mọ́ òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, òfo ni yóò kó. Ìpànìyàn inú balùwẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ, ó sì ju ìṣẹ́jú 45 lọ kí ẹ tó débẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ fojú sí ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Fáólìnì àti àwọn ohun èlò olókùn mìíràn nìkan ni Bernard Herrmann fi ṣe orin fíìmù náà, kò sí ìlù, kò sí fèrè, àwọn fáólìnì yẹn ló sì ń han gooro bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sójú ihò omi, ṣokoléètì olómi ni; dúdú àti funfun ni àwòrán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Òǹwòran ọdún 1960 kò rò ó rárá pé wọ́n lè pa òṣèré pàtàkì inú fíìmù kí ìtàn tó dé ìdajì. Hitchcock tilẹ̀ ní kí àwọn sinimá má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ti gbọ́ ìròyìn balùwẹ̀ náà kí ẹ tó wò ó.

Àwọn tó dìbò sí àtẹ yìí, ará ìdí iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ni wọ́n, ogún tí fíìmù kan fi sílẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n wò. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni wọ́n ń wá: Rocky tí wọ́n ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ àti Ben-Hur tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sáré ìje wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà àtẹ kò parọ́. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn, kì í ṣe èyí tí ẹ bi í.

Ìbéèrè: Àtẹ IMDb, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń fún fíìmù ní máàkì, ńkọ́? Ṣé ìbò aráàlú kọ́ ni?

Ìbò aráàlú ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣírò rẹ̀ kí ó tó di ipò. Fíìmù tí kò bá tíì ní ìbò 25,000 kò lè wọ inú Top 250 wọn, àtẹ fíìmù 250 tó gba máàkì jù. Ìlànà tí wọ́n ti gbé jáde rí ni pé wọ́n á fi ìbò àfikún kan, tó ń ru máàkì tó wọ́pọ̀ láàárín gbogbo fíìmù, kún ìbò tí fíìmù náà ní gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi 25,000 ṣe ìbò àfikún, ká fi 7 ṣe máàkì tó wọ́pọ̀. Fíìmù kan ní ìbò 30,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 9. Òmíràn ní ìbò 1,000,000, ìpíndọ́gba tirẹ̀ jẹ́ 8.5. Ti àkọ́kọ́: 30,000 lọ́nà 9, ẹ fi 25,000 lọ́nà 7 kún un, 445,000 nìyẹn, ẹ pín in sí 55,000, ó di 8.09. Ti èkejì, bákan náà, á já sí 8.46. Ẹni tó ní 8.5 ti fo ẹni tó ní 9 kọjá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìwọ̀nba olólùfẹ́ fíìmù kan má baà kóra jọ gbé e gun orí àtẹ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tó ti ń dùn wá nìyí: ìdènà 25,000 yẹn náà ni kò jẹ́ kí ẹ rí fíìmù Yorùbá kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó tó sì dá wọn lẹ́jọ́ pé wọn kò dáa. Àwọn èèyàn wa ń wò wọ́n lórí YouTube, wọ́n ń wò wọ́n ní sinimá, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ dìbò lórí àtẹ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń to àtẹ tirẹ̀ l'Ékòó, kí ó fi tiwa sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún Rotten Tomatoes pẹ̀lú, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn alámèyítọ́ fíìmù jọ. 95 nínú ọgọ́rùn-ún tiwọn kì í ṣe 9.5 nínú 10. Ó túmọ̀ sí pé alámèyítọ́ 95 nínú 100 ló ní fíìmù náà tó wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fún un ní 6 péré.

Ìbéèrè: Ṣé láti òkè ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí láti ìsàlẹ̀?

Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà, ọdún ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì máa rìn padà sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Silence of the Lambs (1991), ipò karùn-ún, kí ẹ bọ́ sí Alien (1979), kí ẹ tó kan Jaws, kí ẹ wá parí sí ọdún 1960. Ìrìn fíìmù àtijọ́ lọ́ra. Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́ ọn. Fíìmù Hitchcock mẹ́sàn-án ló wà nínú 100 yìí, ẹ má wo méjì tẹ̀ léra wọn, torí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọgbọ́n rẹ̀ kí ó tó dá a.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ilé wa ní Sùúrùlérè, jẹnẹrétọ̀ yí wa ká, iná ń lọ ó ń bọ̀. Báwo la ṣe fẹ́ wo fíìmù tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́?

Kí ẹ tó dá fíìmù lẹ́bi, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìtagìrì lè ṣiṣẹ́ nínú ariwo ọjà. Ọkàn-sókè kò lè ṣe é; àkókò tí kò já ló fi ń mí.

Ohùn ló ṣáájú. Orin Jaws, ohùn méjì péré tó rẹlẹ̀ wọlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìhàn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹlẹ̀ bákan náà, á sì gbé e mì pátápátá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe bí shark, ẹja ńlá tó ń pa èèyàn jẹ nínú Jaws, ṣòro ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù yẹn, ìyẹn ló fà á tó fi pẹ́ kí ẹ tó rí ẹja náà lójú. Orin ló ń dúró fún un. Ẹni tí kò gbọ́ orin kò rí ẹja. Ẹ lo íápíìsì tó dí ihò etí dáadáa, tàbí kí ẹ dúró di òru tí àdúgbò bá ti pa ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ díwọ̀n ohùn, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ níbi ariwo, tí wọ́n ń gbé e sókè níbi ìdákẹ́jẹ́, ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbọọgba.

Lẹ́yìn náà, àwòrán. Àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé máa ń dá àwòrán tirẹ̀ kún un, tí gbogbo nǹkan á fi máa yọ̀ lójú bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ pa á: TruMotion ni LG ń pè é, Motionflow ni ti Sony. Ẹ fi àlà dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ àwòrán kún ojú fóònù, ẹ lè ti gé apànìyàn tó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ dànù.

Ní ti dátà, Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí 0.3 GB ní ìwọ̀n tó kéré jù, 0.7 GB ní ti àárín, ó sì lè tó 3 GB ní HD. Fíìmù wákàtí méjì ní ìwọ̀n àárín, 1.4 GB nìyẹn. Má lọ sí èyí tó kéré jù fún fíìmù tó kún fún òkùnkùn, torí òkùnkùn yóò di páálí páálí, ẹ kò ní mọ èwo ni èèyàn èwo ni ògiri. Ẹ gbà á sílẹ̀ lóru kí ẹ tó wò ó.

Bí iná bá lọ, tó sì padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ju ìdajì wákàtí lọ, ẹ má fún un ní máàkì ọkàn-sókè lálẹ́ ọjọ́ náà rárá.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń fún un ní máàkì? Gbogbo tiwa ló ń já sí 7 àti 8.

Ó ń já sí 7 àti 8 torí pé fíìmù tí wọ́n ti ṣà fún yín lẹ wà nídìí rẹ̀, ẹ kò sì ní òdiwọ̀n kankan lọ́wọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yan fíìmù mẹ́ta tí gbogbo yín ti wò: èyí tó burú, ẹ fún un ní 3, èyí tó ṣe déédéé, 5, èyí tó dára jù tí ẹ mọ̀, 9. Àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ ó máa fi díwọ̀n èyí tó bá dé.

Lẹ́yìn náà ẹ pín máàkì 10: 4 fún ọkàn-sókè, 3 fún ìtàn, 2 fún ohùn àti àwòrán, 1 fún ohun tó ṣì kù lọ́kàn yín ní ọjọ́ kejì. Ẹ fi bébà sítòsí. Ìgbàkígbà tí ọwọ́ yín bá fẹ́ lọ sídìí fóònù, ẹ kọ ìṣẹ́jú náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn ti dẹ̀, ẹ yọ máàkì kan nínú 4. Nínú ìtàn, ẹ yọ kan bí ẹnikẹ́ni bá hùwà òmùgọ̀ torí kí fíìmù má baà tètè parí: ẹni tó gbọ́ ìró lókè àjà, tó fi fóònù sílẹ̀, tó ń dá gun àtẹ̀gùn lọ nínú òkùnkùn.

Ẹ kọ máàkì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá sọ̀rọ̀ ló máa ń fa gbogbo ilé lọ. Ẹ má sì wo ju méjì lọ lálẹ́. Ìkẹta ló máa ń jìyà oorun.

Tí ẹ bá fẹ́ to ipò, ẹ má fi máàkì nìkan tò ó. Ẹ fi fíìmù tuntun wé èyí tó wà ní àárín àtẹ yín: ṣé ó ju èyí lọ? Bí ó bá jù ú, ẹ mú àárín ìdajì òkè; bí kò bá jù ú, àárín ìdajì ìsàlẹ̀. Bí àtẹ yín tilẹ̀ ní 100, ìfiwéra méje ti tó láti rí àyè rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ẹnìkan bá ti sọ òpin rẹ̀ fún wa ńkọ́?

Ó dá lórí irú fíìmù náà. Bí ó bá jẹ́ àdììtú, ta ló pa á, ta ló jí i, ó ti bàjẹ́. Ọkàn-sókè kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo The Figurine, tí wọ́n ń pè ní Araromire, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2009: òrìṣà fún ni ní ọdún méje ire, ọdún méje ibi ló tẹ̀ lé e. Fíìmù fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ mọ̀. Látìgbà náà, gbogbo ayọ̀ tí ẹ bá rí lójú wọn, kíkà lẹ ó máa ka ọdún. Bí ẹ bá tún un wò, ẹ kọ máàkì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wò ó, ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé 18 tó wà lára fíìmù ní sinimá wa túmọ̀ sí pé ó dẹ́rù bani gan-an?

Rárá. Ọjọ́ orí òǹwòran ni National Film and Video Censors Board ń sọ. Kò kan dídára fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni kò díwọ̀n ẹ̀rù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jókòó tì yín nídìí The Exorcist.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́rìnlá la jọ ń wò ó, gbogbo wa kì í sì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Báwo la ṣe ń pa máàkì pọ̀?

Ẹ ya ìṣírò tó wà lókè lò, kí ẹ kàn dín nọ́ńbà rẹ̀ kù: ìbò àfikún 5, máàkì 6. Fíìmù tí ẹni méjì péré wò tí wọ́n sì fún ní 10: 20 pẹ̀lú 30 jẹ́ 50, ẹ pín in sí 7, ó di 7.14. Fíìmù tí ẹni 12 wò, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 8: 96 pẹ̀lú 30 jẹ́ 126, ẹ pín in sí 17, ó di 7.41, òun ló sì wà lókè. Bí ẹni mẹ́ta sí i bá wo ti àkọ́kọ́, tí àwọn náà fún un ní 9, yóò di 7.7, yóò sì gba ipò rẹ̀.