Èédú Igi, Èédú Ilẹ̀ àti Àwọn Ohun Mìíràn tó Jọ Wọ́n

Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n bá òun ra èédú wá ní Abẹ́òkúta, èédú igi ni wọn yóò gbé dé. Èédú ilẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní ọdún 1915, tí ọkọ̀ ojú irin fi ń rìn nígbà náà, jẹ́ nǹkan mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ló dúdú, tí kábọ́ọ̀nù sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí omi àti gáàsì ṣe kúrò lára igi tàbí ewéko tí wọ́n ti ṣẹ̀.

Àwọn tó ń sun èédú igi máa ń to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fi ihò díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ kí iná má baà kú. Èéfín tó kọ́kọ́ ń jáde máa ń funfun, ó sì máa ń ki, nítorí pé omi ara igi ló ń bá a lọ. Bó bá ti wá fẹ́lẹ́, wọ́n mọ̀ pé igi ti ń di èédú, wọ́n á sì dí gbogbo ihò náà pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé jù, eérú ni wọn yóò bá níbẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ti jó lọ lára eérú, ìyókù èròjà tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ nìkan ló kù, ìdí nìyẹn tí àwọn aláró fi lè sẹ́ omi rẹ̀ sí èlú, tí èédú kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èédú igi kì í rú èéfín púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gáàsì aláìlóòórùn tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa ènìyàn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá iná rẹ̀ sínú yàrá tí a tì pa.

Ní ti èédú ilẹ̀, ewéko àbàtà ni iyẹ̀pẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ìwúwo àti ooru sì tẹ̀ fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún. Ó ń kọ́kọ́ di peat, lẹ́yìn náà lignite, lẹ́yìn náà bituminous, kó tó di anthracite tó le jù. Ti Enugu wà láàárín lignite àti bituminous. Bitumen tó wà ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kò bá bituminous tan rárá: epo rọ̀bì tí apá rẹ̀ tó fúyẹ́ ti lọ ni. Coke ní tirẹ̀ jẹ́ èédú ilẹ̀ tí wọ́n yan nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kí wọ́n lè fi yọ́ irin. Ti Enugu kì í di coke tó dára, ti Lafia-Obi ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ń ṣe é.

Òfin Nàìjíríà ka èédú ilẹ̀ mọ́ àlùmọ́ọ́nì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀, òkúta ni, nítorí pé èròjà rẹ̀ kò dúró sójú kan. Òkúta náà ni Olúmọ, ṣùgbọ́n àlùmọ́ọ́nì bíi quartz, feldspar àti mica ló para pọ̀ di í nígbà tí ohun yíyọ́ gbígbóná inú ilẹ̀ tutù. Ewéko kò lè ṣẹ́kù nínú irú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó wá èédú ilẹ̀ lọ sí abẹ́ Olúmọ.