Ẹ̀tọ́ ayálégbé nígbà tí omi bá ba ilé jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ohun méjì ló ń sọ ẹ̀tọ́ ayálégbé tí omi bá ba ilé rẹ̀ jẹ́: Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011, èyí tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù, àti ìwé àdéhùn tí òun àti onílé jọ fọwọ́ sí. Òfin náà kò dárúkọ òrùlé tó ń jò tàbí ògiri tó mu omi. Ó kàn pín iṣẹ́ àtúnṣe láàrin onílé àti ayálégbé ni. Kò sì dé gbogbo Èkó, nítorí ó yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀.

Ta ni àtúnṣe kàn?

Abala 8 ní kí onílé máa tún ara ilé lóde àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe, kí ó sì fi ilé náà sábẹ́ ètò adójútòfò. Abala 7 ní kí ayálégbé tọ́jú ibi tó yá dáadáa, yàtọ̀ sí ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀. Omi kò mọ ààlà yìí, nítorí náà ibi tó ti wá ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Páànù tó lu, ògiri ìta tó sán, gọ́tà inú ọgbà tó dí àti páìpù tánkì tí gbogbo ilé ń lò, ọwọ́ onílé ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ omi tí ayálégbé gbàgbé láti tì, tirẹ̀ ni.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Omi balùwẹ̀ òkè á máa kán sórí àjà ẹni tó wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa bá ara wọn fà á. Bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n rì mọ́ inú dẹ́kìn ló bẹ́, kò sí èyí tó lè fọ́ ọ nínú wọn, torí òfin kò gba ayálégbé láàyè láti yí ohunkóhun padà lára ilé láìgba ìwé àṣẹ onílé. Onílé ni kí wọ́n jọ kọ̀wé sí.

Ìwé àdéhùn lè yí gbogbo èyí padà. Ohun tí Abala 8 fi bẹ̀rẹ̀ ni pé àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn, nítorí náà ìlà kan péré lè gbé àtúnṣe òrùlé ka ayálégbé lórí. Ó yẹ kéèyàn ka ìwé náà tán kó tó sanwó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń yálé gbé, kò rí bẹ́ẹ̀: òfin ọdún 1985 níbẹ̀ fi òrùlé, ògiri ìta àti páìpù omi sọ́rùn onílé nínú ilé tí wọ́n yá fún ohun tí kò tó ọdún 7, àdéhùn lásán kò sì lè gbé e kúrò.

Ìwé kíkọ àti owó ilé

Abala 7 kan náà ní kí ayálégbé tètè sọ fún onílé bí ilé bá bàjẹ́ gidi. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni ohun ìjà tó lágbára jù lọ́wọ́ ayálégbé, nítorí onílé tí wọ́n ti kọ̀wé sí kò lè sọ pé òun ò gbọ́. Kí á kọ lẹ́tà, kí á ya àwòrán tó ní déètì, kí á sì tọ́jú ẹ̀dà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a bá kàn sọ ṣòroó fi hàn nílé ẹjọ́. Tí onílé bá kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án, ayálégbé gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un.

Dídá owó ilé dúró léwu. Bí gbèsè ẹni tó ń san lóṣooṣù bá pé oṣù 6, òfin ka ìyálégbé náà sí èyí tó ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe, kó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda onílé lórí ìwé. Abala 6 jẹ́ kí ẹni tó bá fi irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ mú ilé sunwọ̀n béèrè owó rẹ̀ bí onílé bá ní kó kó jáde.

Ṣíṣí òrùlé lé ayálégbé lórí

Àwọn onílé kan máa ń ṣí páànù kúrò kí òjò lè lé ayálégbé jáde. Ọ̀ràn ni. Ẹni tó bá wó ilé tàbí tó yí i padà láti fi lé ayálégbé, láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù 6. Bí ayálégbé tilẹ̀ jẹ gbèsè, ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ní kó jáde.

Ẹni tí onílé kò bá dá lóhùn lè gba Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó lọ. Wọ́n ń làjà níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì máa ń kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Office of the Public Defender ń ran ẹni tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́. Bí ìlàjà kò bá yọrí, ilé ẹjọ́ ló kù. Ibẹ̀ ni ayálégbé ti lè béèrè owó ẹrù tí omi bà jẹ́, lẹ́tà àti àwòrán rẹ̀ á sì jẹ́rìí sí i pé onílé mọ̀ kí ó tó bàjẹ́ débẹ̀.