Àsíà orílẹ̀-èdè: kí ló dé tí àárín tiwa fi ṣófo?

Aṣọ ni àsíà. Bí wọ́n bá ká a sínú àpótí, kò sàn ju aṣọ tábìlì lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá so ó mọ́ ọ̀pá, tí afẹ́fẹ́ sì wọnú rẹ̀, sójà á dúró ṣánṣán, á kí i. Àwọn tó ni aṣọ náà ló ń kí.

Àwọn jagunjagun wa ní ọ̀págun tiwọn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n orí omi ni irú àsíà tí à ń sọ yìí ti gbilẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi kan bá rí òmíràn lókèèrè, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá kí wọ́n tó sún mọ́ra. Nítorí náà ni àwọ̀ inú àsíà fi máa ń yàtọ̀ síra kedere. Àsíà tí ojú ò lè dá mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ni atukọ̀ fẹ́ fi ṣe?

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àsíà búlúù kan ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ta: àsíà tiwọn ní igun òkè, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà àti adé ọba wọn lápá kejì. Ẹ ò rí i pé tiwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀? Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba kéde pé kí ẹni tó bá lè ya àsíà tuntun fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, Táíwò Akínkúnmi, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ìkéde náà nínú ìwé ìròyìn ní ilé ìkàwé. Ọdún 1958 ni, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Tirẹ̀ ni wọ́n mú lọ́dún 1959, wọ́n sì fún un ní 100 pọ́n-ùn.

Oòrùn pupa kan wà láàárín àwòrán tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ṣèdájọ́ ìdíje náà ló yọ ọ́. Àwọn kan ṣì ń dárò oòrùn yẹn, èmi ò sí lára wọn. Bí oòrùn ṣe kúrò, kéréyọ̀nù àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ti tó ọmọdé láti ya àsíà wa, torí ìwé tó ń yà á sí ti funfun tẹ́lẹ̀. Bákan náà, kò sí bí ẹ ṣe lè ta á tó máa dorí kodò. Ẹ wò ó níwájú, ẹ wò ó lẹ́yìn, ewé, funfun, ewé ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yí àsíà Ireland sódì, àfàìmọ̀ kó má pè é ní ti Côte d'Ivoire.

Àwọ̀ ewé dúró fún ilẹ̀ wa àti ohun tó ń hù níbẹ̀, funfun dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀ dọ́gba, gígùn àsíà sì jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Bí ìlú bá ń ṣọ̀fọ̀, ìdajì ọ̀pá ni wọ́n ń ta á dé; wọ́n á kọ́kọ́ fà á dé òkè pátápátá ná, kí wọ́n tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá Akínkúnmi padà sí Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi OFR, ọ̀kan lára àwọn oyè ìdánilọ́lá orílẹ̀-èdè wa, dá a lọ́lá, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 54 tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ káàkiri. Ewé àti funfun náà ló fi kun ilé rẹ̀. Ó kú lóṣù kẹjọ ọdún 2023.

Èmi ni mo máa ń fa okùn àsíà nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún. Etí àsíà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pá kì í tètè gbó, ti òdìkejì tí afẹ́fẹ́ ń nà bí ẹgba ló máa ń já sí òwú. Kò sí owó fún òmíràn, torí náà bí ó bá ti já, ìyá kan tó ń ránṣọ ládùúgbò á gé ibi tó já, á ṣẹ́ ẹ létí, á dá a padà. Nígbà tí mo fi máa jáde ìwé kẹfà, ìlà ewé ìgbẹ̀yìn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó wá di pé àsíà tiwa ní ibi tí wọ́n lè so ó sódì sí, èmi nìkan ni mo sì mọ èwo ni ọwọ́ ọ̀pá. Títí di òní, bí mo bá rí èyí tó pé pérépéré níwájú ilé ìjọba, ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.