Tíṣà yoga fún aboyún, tíṣà yoga fún àgbà: irú iṣẹ́ wo nìyẹn l'Ékìtì?

Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni àyájọ́ yoga, ìyẹn nína ara àti mímí délẹ̀, lágbàáyé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2014, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 2015. Bí àwòrán àwọn tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ bá ti ń káàkiri WhatsApp báyìí, ìpolówó náà á tẹ̀lé e: "yoga fún aboyún", "yoga orí àga fún àgbà". Ohun táwọn èèyàn ń béèrè rèé.

Ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Iṣẹ́ gidi ni.

Kí ló dé tí wọ́n ń pín in sí wẹ́wẹ́?

Torí ara ò dọ́gba. Ọmọ yunifásítì EKSU tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti màmá tó ti fẹ̀yìn tì n'Íkẹ̀rẹ́ tí orúnkún ń dùn, ohun tó máa ṣe ọ̀kan láǹfààní lè dá ìkejì dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Yoga Alliance, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ tíṣà ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, fi ní kéèyàn kọ́kọ́ kọ́ ìpìlẹ̀ fún wákàtí 200, tó bá wá fẹ́ máa kọ́ aboyún, á tún fi wákàtí 85 kún un, tó bá jẹ́ ọmọdé, wákàtí 95.

Èwo ló lè mówó wọlé níbí?

Lójú tèmi, ti orí àga fáwọn àgbà ni, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo iye tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì nílẹ̀ Èkìtì, ọ̀pọ̀ wọn lè rìn dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, dídìde ni wàhálà, torí náà ẹní ò wúlò fún wọn. Àga ni wọ́n nílò, àga onígi tó dúró sán-ún, kì í ṣe oníke tó ń tẹ̀ tàbí èyí tó ní táyà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á yí ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á mí délẹ̀, wọ́n á máa dìde kí wọ́n tún jókòó kí itan lè lágbára, torí itan tó lágbára kì í jẹ́ kí àgbà tètè ṣubú. Tíṣà ò sì nílò ṣọ́ọ̀bù, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ti ń ṣèpàdé ni kó lọ, tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọ̀sẹ̀. Owó orí kọ̀ọ̀kan á kéré, àmọ́ wọ́n pọ̀, wọn kì í sì í pa ìpàdé jẹ.

Àwọn tó ń jókòó látàárọ̀ ní sẹkitéríàtì l'Ádó náà wà ńbẹ̀, ọrùn àti ẹ̀yìn ni tiwọn. Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, dáa fún ètò ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbọ́ bùkátà oṣooṣù.

Ṣé ó ń wo àìsàn?

Tíṣà yoga kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe fìsíò, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Lọ́dún 2016, Yoga Alliance fúnra wọn ní kí àwọn tíṣà tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn yéé fi orúkọ ẹgbẹ́ náà polówó pé àwọn ń fi yoga tọ́jú aláìsàn.

Ṣé ẹ̀sìn ni? Pásítọ̀ wa ní ká sá fún un.

Mi ò ní parọ́ fún yín: Íńdíà ló ti wá, ó sì ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn àwọn Híńdù, àwọn kíláàsì kan ṣì wà tí wọ́n ti ń kọrin tàbí pe ọfọ̀ èdè Sanskrit. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé nína ara àti mímí nìkan ni. Ẹ bi tíṣà kẹ́ ẹ tó sanwó, ohun tí wọ́n máa ṣe àti ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́nu, ẹ̀tọ́ yín ni. Èyíkéyìí tí ọkàn yín ò bá gbà, ẹ fi sílẹ̀. Tíṣà tó bá fi nǹkan yìí pamọ́ fún oníbàárà ti dà wọ́n.

Mo fẹ́ kọ́ ọ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ lè kọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Yoga Alliance gbà á. Àmọ́ dọ́là lọ̀pọ̀ ń gbà, ìwé ẹ̀rí yẹn kì í sì í ṣe láísẹ́ǹsì ìjọba. Ẹ mọ àwọn tẹ́ ẹ máa kọ́ kẹ́ ẹ tó náwó.

Ìyàwó mi lóyún, ṣé kó lọ?

Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gba àyẹ̀wò oyún lọ́dọ̀ wọn. Tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, kó má sì ṣe é nínú yàrá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú gbóná. Tí tíṣà ò bá bi í pé oyún oṣù mélòó ni, kí ìyàwó yín padà sílé.

Ta ni ká sá fún?

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Àti ẹni tó máa ní kí gbogbo kíláàsì dorí kodò láìbéèrè ìlera ẹnikẹ́ni, torí ìdorí-kodò ń mú kí ìfúnpá inú ojú lọ sókè, ẹni tó bá ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ tó ní in ò sì mọ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ lọ yẹ ojú wò ná.