Ẹ́ńjìnnì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Pààrọ̀, Tí Kì Í Fẹ́ Jí Láàárọ̀

Ìbéèrè: A pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ń lo bẹntiróòlù. Bó bá ti gbóná, ẹ̀ẹ̀kan la máa yí kọ́kọ́rọ́ tó ti jí. Láàárọ̀ ńkọ́? A ó yí i títí yóò fi rẹ bátìrì kó tó dáhùn. Ṣé ẹ́ńjìnnì tí a rà ni kò dára?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n tú tí wọ́n sì so padà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí: wáyà, róbà, sẹ́ńsọ̀. Bí epo bá bá irin tútù pàdé, ara irin ló ń lẹ̀ mọ́, kì í pò mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì tútù fi ń gba epo ju gbígbóná lọ. Bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ń bu epo náà kún un, ẹnu sẹ́ńsọ̀ ooru omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló sì ń wò. Bí sẹ́ńsọ̀ bá purọ́ pé omi ti gbóná, epo tíńtín ni bréènbọ́ọ̀sì yóò fún un, pulọ́ọ̀gì á wá máa tanná lásán.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú, ó kéré tán wákàtí 8. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọọ̀dù ń tàn, ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀, kí ẹ so sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí bréènbọ́ọ̀sì ń rí, mọ́ ọn. Ooru omi àti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí afẹ́fẹ́ bá ka 27°C tí omi ka 70°C, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí omi bá ka -40°C, ó sábà máa ń jẹ́ pé wáyà ti já tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Epo lè pọ̀ jù, kí pulọ́ọ̀gì rin ṣin. Ẹni tí kò ní sìkánà lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ náà: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ka 2,000 sí 3,000 ọ́ọ̀mù ní nǹkan bí 20°C, wọ́n á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ní 80°C.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Oníwáyà kan ń bá géèjì dáṣíbọọ̀dù sọ̀rọ̀, oníwáyà méjì ń bá bréènbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ tó bá ẹ́ńjìnnì wá kì í bá ṣe irú èyí tí bréènbọ́ọ̀sì yín mọ̀, ẹ tú ti ẹ́ńjìnnì tí ẹ yọ kúrò wá, kí ẹ fi sí i.

Ààrọ̀ kan, ìdánwò kan ni o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí báyìí, ẹ̀rí ti sá lọ títí di ọ̀la.

Ìbéèrè: Tiwa kì í yí kíákíá rárá, ńṣe ló ń fà tìkọ̀tìkọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fura sí wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ òpó òdì bátìrì. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé lè ti gbàgbé ọ̀kan, tàbí kó ti dè é mọ́ ojú ọ̀dà. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí òpó òdì bátìrì, ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹlòmíràn máa yí kọ́kọ́rọ́. 0.2 fóòtì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó dára. Bó bá kọjá 0.5, ẹ ha ọ̀dà kúrò, ẹ fún nọ́ọ̀tì le. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá 9.6 fóòtì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí i. Òróró tó nípọn ju èyí tí ìwé mọ́tò sọ lọ náà máa ń fà á bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ń yí dáadáa, ó kàn ń pẹ́ kó tó jí ni.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí epo ti sá padà sínú táńkì lóru. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ pa á, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó wá sítáàtì. Bó bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìtẹ̀ epo ni kò dúró. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí nọ́súlù rẹ̀ ń fọ́n epo sí ẹnu ọ̀nà fáàfù, géèjì ìtẹ̀ epo máa ń ka nǹkan bíi 3 bar. (Èyí tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ìtẹ̀ rẹ̀ ga débi tó lè gún ẹran ara, ẹ má tú páìpù rẹ̀.) Bí pulọ́ọ̀gì kan ṣoṣo bá rin láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí nọ́súlù ibẹ̀ máa jò.

Bó bá jẹ́ pé ó ń jí nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ sórí tírótù, afẹ́fẹ́ ló ń wá: ẹ fọ fáàfù áídù, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí tírótù. Bó bá sì ń súfèé lẹ́yìn tó jí, ẹ wá róbà tí wọn kò so padà, pàápàá èyí tó lọ síbi bíréèkì.

Ìbéèrè: Ó jí, ó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2, ó kú.

Ìdáhùn: Ẹ wo iná kọ́kọ́rọ́ lórí dáṣíbọọ̀dù. Bó bá ń ṣẹ́jú, bréènbọ́ọ̀sì kò mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ fi nọ́súlù sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la wá lè fura sí ẹ́ńjìnnì gan-an?

Ìdáhùn: Nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára. Ẹ tú gbogbo pulọ́ọ̀gì, ẹ pa epo àti iná rẹ̀, ẹ ṣí tírótù gbayawu, kí ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀, ẹ da ṣíbí òróró kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ó sábà máa ń jẹ́ pé ríǹgì písítíìnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ó sábà máa ń jẹ́ fáàfù. Bí gbogbo wọn bá jọ rẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo àmì táímìn, èyí tó ń fi hàn bóyá fáàfù ń ṣí lásìkò: ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ti fo eyín kan.