Orí kóńgò ni ọ̀rọ̀ wà

Kóńgò kan, kílò mélòó ni? Ẹni tó bá fi iye kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè yìí ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kóńgò kì í wọn ìwúwo. Bí nǹkan ṣe gba àyè tó ló ń wọ̀n. Ìrẹsì kóńgò kan sábà máa ń tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Gààrí kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn pọ̀ láàárín rẹ̀. Ti èlùbọ́ tilẹ̀ tún burú: èyí tí wọ́n rọra bù máa ń fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n gbọ̀n kó tó kún lọ, nínú agolo kan náà.

Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú, tàbí kí wọ́n fi páálí tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Ìyẹn ò le láti mú: ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó bù ú. Orí rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Lọ́jà, kóńgò tó tẹ́jú kò tíì pé. Ó gbọ́dọ̀ ga ṣóńṣó kọjá ẹnu agolo, bí yanrìn tí wọ́n já sílẹ̀ níbi ilé kíkọ́. Ẹ̀wà ń dán, kíá ló ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Gààrí ń di ara rẹ̀ mú, ó sì ń ga. Ká ní ẹnu kóńgò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16, tí orí rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, èyí tó wà lókè yẹn nìkan á tó agolo mílíìkì méjì. Bí ẹnu agolo bá ṣe fẹ̀ tó ni orí ṣe ń pọ̀ tó. Abájọ tí agolo tó gùn, tó fún lẹ́nu, fi ń ṣe ẹni tó ń tà láǹfààní, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti agolo tó fẹ̀ lẹ́nu.

Ìdí nìyí tí owó kóńgò fi lè dúró sójú kan nígbà tí ọjà ti wọ́n: orí ló ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ènì tí oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò, orí tó dín ló ń gbà padà. Síbẹ̀, ètò náà gbọ́n ju bí àwọn olólùfẹ́ òṣùwọ̀n oníkílò ṣe rò lọ, torí ojú ẹni tó ń rà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Nídìí ààrò, ẹ má fi orí sí i rárá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ẹnu agolo kó tẹ́jú, torí omi tí ẹ máa fi sè é ò lè ga ṣóńṣó.